Ẹ Kọ Orúkọ Sí Ẹ̀yìn Àwòrán

   

Ẹ ti mọ a, b, d. Ẹ ti lè kọ orúkọ ara yín. Ẹ ti lè ka òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń wọn òwú yín. Àwọn kan wá ń bi mí pé: "Ìwé tí a kọ́ yìí, kí la tún lè fi ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Lónìí mo fẹ́ sọ iṣẹ́ kan fún yín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ nìkan ló lè ṣe é, kò sì ná ni ju lẹ́ẹ̀dì kan lọ. Iṣẹ́ náà ni pé kí a kọ orúkọ sí ẹ̀yìn àwòrán.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

1. Ilé tí wọ́n ń pa àwòrán àtijọ́ mọ́ sí

Ní àwọn ìlú ńlá, ilé kan máa ń wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó pa ìwé àti àwòrán àtijọ́ mọ́. Àwọn Faransé ń pè é ní archives. Wọn kì í ta ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n ń tò ó sínú àpótí, wọ́n ń fi nọ́ńbà sí i, wọ́n ń ṣọ́ ọ kí omi má kàn án, kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Bí a ṣe ń pa irúgbìn àgbàdo mọ́ de òjò ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa àwòrán mọ́ de àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.

Nínú àwọn àpótí wọ̀nyí, ẹ ó rí àwòrán àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ ó rí ti àwọn arìnrìn-àjò tó la igbó àti aṣálẹ̀ kọjá. Ẹ ó rí ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn tó ń kó ère, ìlù àti aṣọ ìgbà láéláé jọ. Òyìnbó kan dúró pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ àwòrán. Àwọn ènìyàn dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹni tó ru ẹrù, ẹni tó ṣe ògbufọ̀, ẹni tó mọ ọ̀nà, ẹni tó gbẹ́ ère. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ tiwọn kò sí níbẹ̀. "Àwọn aláàárù." "Obìnrin kan." "Abọ̀rìṣà kan." Ó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé a kì í bímọ kí a má sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, a ti pe ẹbí jọ, a ti fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu. Bàbá sọ orúkọ tirẹ̀, ìyá sọ tirẹ̀, ìyá àgbà sọ tirẹ̀. Ẹni tó ní orúkọ mẹ́ta mẹ́rin láyé, kí ló dé tó fi di "obìnrin kan" nínú àpótí? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Àwòrán ilẹ̀ wa ti ọdún 1930

Ọkùnrin olówó kan wà ní ilẹ̀ Faransé, orúkọ rẹ̀ ni Albert Kahn. Iṣẹ́ báǹkì ló ṣe. Láti ọdún 1909 títí di ọdún 1931, ó ń fi owó rẹ̀ rán àwọn onífótò lọ sí ilẹ̀ púpọ̀ lágbàáyé. Ó rí i pé ayé ń yí padà, ó sì fẹ́ kí a ya bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé, kó tó di ohun ìgbàgbé. Àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n kó jọ tó nǹkan bí 72,000. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé ní ọdún 1929, owó Kahn run, iṣẹ́ náà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kahn kú ní ọdún 1940. Àwọn àwòrán kò kú. Wọ́n wà títí di òní nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní Boulogne-Billancourt, lẹ́bàá Paris.

Ní ọdún 1930, iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Dahomey ni wọ́n ń pe ilẹ̀ Benin nígbà náà; ọdún 1975 ni orúkọ rẹ̀ yí padà. Ẹni tó darí iṣẹ́ náà ni Fadá Francis Aupiais, tó ti gbé Àjàṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Onífótò tó bá a wá ni Frédéric Gadmer. Aupiais fẹ́ kí àwọn ará Yúróòpù fi ojú ara wọn rí i pé àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìlajú ní ọgbọ́n, wọ́n ní iṣẹ́ ọnà, ìjọsìn wọn sì ní ìtumọ̀. Àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n yà níbí lé ní 1,000. Wọ́n ya sinimá pẹ̀lú.

Ẹ lè bi mí pé: àwòrán aláwọ̀ ní ọdún 1930, báwo? Ẹ gbọ́ o. Orí dígí ni wọ́n ń ya àwòrán náà sí. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní ilẹ̀ Faransé, àwọn Lumière, ni wọ́n gbé irú dígí náà jáde fún títà ní ọdún 1907. Ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí à ń pè ní pomme de terre, ni wọ́n lò. Wọ́n mú ìyẹ̀fun rẹ̀ tó kúnná gan-an, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n rẹ ọ̀kan ní àwọ̀ pupa bí epo, wọ́n rẹ ìkejì ní àwọ̀ ewé, wọ́n rẹ ìkẹta ní àwọ̀ aró. Wọ́n pò wọ́n pọ̀, wọ́n fọ́n ọn sórí dígí, wọ́n sì fi oògùn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ bò ó. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín àwọn hóró wọ̀nyí kọjá, àwọ̀ aṣọ yóò jáde bí ó ṣe rí. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń pa aṣọ láró, ẹ mọ irú sùúrù tí èyí gbà.

Ṣùgbọ́n irú dígí bẹ́ẹ̀ kì í tètè gba àwòrán. Ẹni tí wọ́n ń yà kò gbọdọ̀ mira. Bó bá mi orí, ojú rẹ̀ yóò ṣú bàìbàì. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí àwọn ará ìgbà náà tí wọ́n dúró gbagidi bí òpó, tí wọn kò rẹ́rìn-ín, ẹ má sọ pé inú ń bí wọn. Wọ́n ń ran onífótò lọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ ni àwọn náà ń ṣe.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe já sí. A mọ orúkọ ẹni tó fi owó sílẹ̀. A mọ orúkọ fadá. A mọ orúkọ onífótò. Àwọn dígí náà ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó dúró láìmira nínú oòrùn, a kò kọ orúkọ wọn. A mọ̀ pé ọ̀dùnkún ni wọ́n fi mú àwọ̀ aṣọ ìyá kan jáde. A kò mọ orúkọ tí ìyá tirẹ̀ ń pè é.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní ọdún 1930 ti ju ẹni 90 ọdún lọ báyìí. Ẹni tó lè sọ pé "èmi nìyí" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè sọ pé "ìyá bàbá mi nìyẹn, mo mọ ilà ojú rẹ̀," ó ṣì kù. Wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ yín tó ní tẹlifóònù lè fi hàn yín. Bí ẹ bá mọ ojú ẹnì kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

3. Ẹni tí Ifá tún bí ní Kétu

Àwọn ará Kétu, ẹ ti gbọ́ orúkọ Fátúmbí rí, àbí? Orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Pierre Verger. Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1902. Ní ọdún 1932 ló gba iṣẹ́ fótò, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ ọrùn yí ayé ká. Ní ọdún 1946, ó dé Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Níbẹ̀ ló ti bá àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ẹkùn wa. Wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó, wọ́n ṣì ń bọ Ọ̀ṣun, àwọn mìíràn sì ń pe ilé òrìṣà wọn ní ti Kétu. Ọkàn rẹ̀ fà á láti wá wo orísun. Ní ìparí ọdún 1948, ó dé Dahomey. IFAN, ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Dakar, ló fi owó ràn án lọ́wọ́.

Verger ya àwòrán púpọ̀ ranṣẹ́ sí Dakar. Ó rò pé iṣẹ́ òun parí nìyẹn, torí onífótò lòun, òun kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá IFAN, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Théodore Monod, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní àwòrán nìkan kò tó, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ pẹ̀lú. Verger bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó ń béèrè orúkọ òrìṣà, orúkọ ewé, ọ̀rọ̀ oríkì. Ní ọdún 1953, ó di babaláwo ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, pé Ifá ti tún un bí. Ní ọdún 1957, IFAN tẹ ìwé ńlá tí ó kọ lórí òrìṣà àti vodun jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àgbà ti dé, ẹ gbọ́ èyí. Verger fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ní ọdún 1966, nígbà tó ti lé ní ẹni 60 ọdún, Sorbonne ní Paris fún un ní oyè dókítà, nítorí ohun tó kọ sílẹ̀. Ó kú ní Bahia ní ọdún 1996. Àwòrán tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 62,000, wọ́n sì ń pa wọ́n mọ́ níbẹ̀ di òní.

Ká ní kò kọ nǹkan kan ńkọ́? À bá rí ijó, a kò ní mọ òrìṣà tí wọ́n ń jó fún. À bá rí ewé lọ́wọ́ àgbà, a kò ní mọ ohun tí ewé náà ń wò. Àwòrán ń fi ojú hàn, ìwé ló ń sọ̀rọ̀.

4. Obìnrin kan láàárín àwọn onímọ̀

Ẹnì kan lè sọ pé: "Nítorí pé ará oko ni wá ni wọn kò ṣe kọ orúkọ wa." Rárá o. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó mọ̀wé gan-an pẹ̀lú.

Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ìpàdé ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ àbùùbùtán, ẹran ńlá inú òkun nì, ni wọ́n wá jíròrò, kí wọ́n má bàa pa á run. Wọ́n ya àwòrán gbogbo wọn pọ̀. Ènìyàn 38 ló wà níbẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, obìnrin dúdú ni, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ sì bo ojú rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọkùnrin. Nígbà tó kan obìnrin náà, wọ́n kọ pé: "A kò mọ̀ ọ́n."

Ọdún 47 kọjá. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, obìnrin ayàwòrán kan tó ń kọ ìwé fún àwọn ọmọdé rí àwòrán náà. Ó ní: ta nìyí? Ó fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé. Àwọn tó ń ṣọ́ ìwé àtijọ́ ní Smithsonian, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Washington, dá sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń tú ìwé wò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Sheila Minor ni orúkọ rẹ̀. Ó kàwé gboyè nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, iṣẹ́ ìwádìí ló sì ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìtọ́jú àyíká. Ó ṣì wà láàyè, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.

Ẹ rò ó wò. Ọ̀mọ̀wé ló kún inú àwòrán yẹn. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n kọ, lẹ́ẹ̀dì wà lọ́wọ́ wọn. Ìṣẹ́jú kan péré ni bíbi í ní orúkọ ì bá gbà lọ́jọ́ náà. Nítorí pé wọn kò bi í, wíwá a gba ọdún 47. Orí ló sì ṣe é tó jẹ́ pé ó ṣì wà láyé. Ká ní ó ti kú, ta ni ì bá dáhùn?

5. Ohun tí àwa náà máa ṣe

Ẹ má sọ pé ẹ kò ní àwòrán. Fótò kátì ìdánimọ̀ bàbá yín tó ti kú, àwòrán ni. Fótò ìgbéyàwó, fótò ìsìnkú, fótò ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ kànga ní abúlé, àwòrán ni gbogbo wọn. Ẹ mú wọn jáde nínú àpótí aṣọ. Ohun márùn-ún ni kí ẹ kọ:

Èkíní, ta ni? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì ẹni tó ń wo àwòrán lọ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ, oríkì, àti ilé tí ó ti wá. Ẹ má kọ "Bàbá wa" nìkan. Bàbá ta ni? Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ mọ̀ ọ́n, ọmọ ọmọ yín kò ní mọ̀ ọ́n.

Èkejì, níbo? Ẹ kọ abúlé àti ìlú tó wà nítòsí.

Ẹ̀kẹta, nígbà wo? Bí ẹ kò bá mọ ọdún, ẹ wá ohun tí gbogbo ènìyàn rántí. Ṣé kí a tó gba òmìnira ní ọdún 1960 ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé Dahomey ni a ṣì ń jẹ́, tàbí a ti di Benin? Ẹ kọ ọ́ pé "lẹ́yìn òmìnira, kó tó di 1975." Ó sàn ju kí ẹ má kọ nǹkan kan.

Ẹ̀kẹrin, kí ni wọ́n ń ṣe?

Ẹ̀karùn-ún, ta ló sọ ọ́ fún wa? Ẹ kọ orúkọ àgbà tó ṣàlàyé, àti ọjọ́ tó ṣàlàyé.

Nísinsìnyí, bí a ṣe ń kọ ọ́. Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ nu ún gbẹ. Ẹ dojú àwòrán dé orí tábìlì tó mọ́. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sí etí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ má lo bíìkì. Tàdáwà rẹ̀ lè wọ inú kí ó yọ sí ojú ẹni tó wà nínú àwòrán, ìlà tí ẹ bá sì tẹ̀ jù yóò yọ síwájú. Lẹ́ẹ̀dì tún ní àǹfààní kan. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà. Bí àgbà mìíràn bá dé tó ní "Rárá, àbúrò rẹ̀ lèyí," ẹ ó pa á rẹ́, ẹ ó tún un kọ. Bí ẹ̀yìn àwòrán bá ń dán tí lẹ́ẹ̀dì kò mú un, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kí ẹ fi òun àti àwòrán sínú àpòòwé kan náà.

Ẹ di àwòrán mú létí, ẹ má fi ìka kàn án lójú. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ má gbé e kọ́ ibi tí èéfín ààrò tàbí oòrùn ti ń bá a. Ẹ gbé e sókè kúrò nílẹ̀, kí ikán àti ọ̀rinrin má bà á jẹ́.

Èyí tó wà nínú tẹlifóònù ńkọ́? Tẹlifóònù ń bọ́ sínú omi, wọ́n ń jí i, ó ń kú. Àwòrán tí ẹ bá fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ kọ orúkọ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Bí àgbà bá sọ pé ohun tó wà nínú àwòrán yìí, ọ̀rọ̀ awo ni, ẹ má kọ ọ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un. A kì í fi agbára gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ lè bi í bóyá orúkọ ẹni náà ṣe é kọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣe é kọ.

Ẹ̀yin àgbà wa, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí wà jù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti mọ ẹni tó wà nínú àwòrán. Ẹ̀yin mọ ojú, àwọn ọmọ mọ lẹ́tà. Bí ẹ bá jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré, ènìyàn mẹ́wàá lè gba orúkọ wọn padà.

Ní kíláàsì wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú àwòrán kan wá, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì tó ti gbẹ́.  

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́

1. Kí ló dé tí àwọn tí Gadmer ń yà ní ọdún 1930 kò gbọdọ̀ mira?
2. Kí ni Monod sọ fún Verger, kí ló sì tìdí rẹ̀ jáde?
3. Ọdún mélòó ni wọ́n fi wá orúkọ Sheila Minor? Kí ni ì bá ti mú kí ó yá?
4. Ẹ mú àwòrán kan nílé. Ẹ kọ ohun márùn-ún nípa rẹ̀, kí ẹ kà á fún ẹgbẹ́.
5. Nínú abúlé yín, àgbà wo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá?